Ẹ́ńjìnnì Tí Wọ́n Ní Kò Fẹ́ Ọwọ́ Obìnrin

Níbi fídáù ogójì ọjọ́ Bàbá Múrí, àwọn ọmọ rẹ̀ pín ìwé pẹlẹbẹ kan fún gbogbo àwa tó wá. Àwòrán rẹ̀ wà níwájú ìwé náà, ó dé fìlà funfun, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ ìlọ̀ tó bọ́ gbogbo Ìdí-Àgbọn, àti pé ọgbọ́n orí rẹ̀ ló kó ẹ̀rọ náà yọ lọ́dún tó fẹ́ bàjẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ká a sínú báàgì mi, mo jẹ ìrẹsì tí wọ́n gbé fún mi, mo sì lọ sílé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá àyè tí n óò jókòó kọ ohun tí ojú mi rí. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí yóò máa bẹ̀rù ẹbí. Nínú àwọn tó wà ní agbo ilé lọ́dún náà, ó ku èmi àti Múrí nìkan, Múrí sì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà náà, wọ́n ń pọ̀n ọ́n ni. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó lọ wá ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Ẹ ó rí i pé "wọ́n" ni mo ń pe àwọn òbí mi àti gbogbo àgbà tó tọ́ sí níbí. Bàbá Múrí, àbúrò bàbá mi, "ó" ni mo máa pè é. Mo ti pè é ní "ẹ" tó nígbà tó wà láyé.

Abúlé wa, Ìdí-Àgbọn, kò jìnnà sí Ẹgbẹ́dá. Ẹni tó bá mọ ẹsẹ̀ rìn, kí oòrùn tó mú, ó ti yọ sí ojú títì tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Ohun tó ń jí wa lówùúrọ̀ kì í ṣe àkùkọ. Lẹ́yìn ìrun àsúbáà, a óò gbọ́ tí bàbá mi bá ṣí ilẹ̀kùn páànù ilé ẹ̀rọ, a óò gbọ́ irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì tí yóò máa ké fíìn-fíìn, lẹ́yìn náà nǹkan kan á mí kanlẹ̀, á ṣe tù, á dúró, á tún ṣe tù, kó tó wá di tù-tù-tù-tù, tí ilẹ̀ yàrá wa á sì máa gbọ̀n lábẹ́ ẹní. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á wá ké láti yàrá wọn pé, "Ó ti jí o! Ẹ̀yin náà ẹ dìde!" Iṣẹ́ tèmi ni kí n pọnmi láti odò wá sínú dúróòmù tó ń mú kí ara ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mò ń lọ kí n tó lọ sílé ìwé. Tí mo bá dé, ẹ̀kọ gbígbóná á ti wà nínú ewé, àkàrà méjì á wà lórí rẹ̀, èmi àti eruku ìyẹ̀fun tó wà nírun mi á jọ jókòó jẹun. Gbogbo nǹkan tó wà nínú agbo ilé náà ló ń rùn dísù díẹ̀díẹ̀: gèlè ìyá mi, ẹní wa, títí kan ìwé kíkà mi. Títí di òní, tí ọkọ̀ ńlá bá kọjá lójú títì, tí mo bá gbọ́ òórùn èéfín rẹ̀, ebi ẹ̀kọ ló máa ń pa mí.

Nígbà tí àìsàn dá bàbá mi dúró, wọ́n kọ́ ìyá mi ní iṣẹ́ náà. Wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wúkọ́, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, ìyá mi á sì máa ṣe é. Irin kékeré kan wà lórí ẹ́ńjìnnì náà bí ìka ọwọ́. Tí èèyàn bá gbé e dìde, kẹ̀kẹ́ irin ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fúyẹ́ láti yí. Tí eré bá ti wọ̀ ọ́ lára, èèyàn á já ìka náà sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì gbé e. "Má bá a jà," bàbá mi á wí. "Jẹ́ kó sáré dáadáa. Ó dáa, ó dáa… já a báyìí!" Inú wọn máa ń dùn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n yí i. Ìyá mi gùn, apá wọn le, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kó tó tó oṣù méjì, kò sí ìyàtọ̀ mọ́ nínú bí bàbá mi ṣe ń jí i àti bí ìyá mi ṣe ń jí i. Bàbá mi kú nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an. Ìyá mi wọ tákàbà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó mùsùlùmí fi ń jókòó sílé. Àwọn àgbà ní kí Bàbá Múrí máa bá wa mójú tó ẹ̀rọ náà títí ìyá mi yóò fi bọ́ síta. Ó gbà á, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo ṣì ń rántí bí ilẹ̀ náà ṣe tutù sí orúnkún mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe é bó ṣe yẹ, kí n sọ pé nígbà tí ìyá mi wà nínú tákàbà, ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ dáadáa. Dúróòmù dísù tí bàbá mi rà gbẹ̀yìn ló ń lò. Ẹgbẹ́dá ni bàbá mi ti máa ń rà á, ní ilé epo kan tí àwọn awakọ̀ tó ń kó igi ń dúró sí. Wọn kì í rà á níbòmíràn. Nígbà tí dúróòmù náà wá gbẹ, Bàbá Múrí kò lọ sí Ẹgbẹ́dá. Àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Adégbayì ló lọ, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sùbérù, tó ní páńpù kan àti dúróòmù mẹ́ta lábẹ́ àtíbàbà páànù. Dúróòmù tó fi ta kẹrosíìnì lánàá ló ń fi ta dísù lónìí. Ṣùgbọ́n Sùbérù ní àga kan tó ń gbé fún Bàbá Múrí, tó ń fi aṣọ nù kó tó jókòó, Ẹnjiníà ló sì ń pè é. Nílé, ẹnikẹ́ni kò pè é ní nǹkan kan rí ju "àbúrò Olóògbé" lọ. Mo ti ronú lé e lórí lọ́pọ̀ ọdún, mo sì gbà pé àga yẹn ló ń rà ní Adégbayì, kì í ṣe dísù. Sùbérù yìí ló sọ fún un nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ pé, "Ẹnjiníà, òtútù dé o. Dísù lọ́ra. Ẹ máa da bọ́tìlì pẹtiróòlù kan sí i, yóò jí i." Ọ̀rọ̀ náà bá ojú mu. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ẹní bá ṣá ìṣáná sí pẹtiróòlù, kí ó tó kúrò níbẹ̀, iná ti gbé irun ojú rẹ̀. Dísù, èèyàn lè ṣá ìṣáná sí i kí ìṣáná náà kú sínú rẹ̀. Ta ni kò ní rò pé èyí tó yára ni yóò ran èyí tó lọ́ra lọ́wọ́?

Báyìí ni ohun mẹ́ta ṣe pàdé láàárín ọ̀sẹ̀ kan: ọyẹ́ dé, dísù Adégbayì wọlé, ìyá mi sì bọ́ tákàbà. Ọjọ́ kejì tí wọ́n jáde, wọ́n lọ sílé ẹ̀rọ, wọ́n nu ara ẹ́ńjìnnì, wọ́n yí i. Kò jí. Wọ́n yí i títí, òógùn bò wọ́n nínú ọyẹ́, èéfín funfun ń tú jáde bí ẹni sun koríko tútù, ẹ́ńjìnnì kàn ń wúkọ́. Nígbà tó pàpà jí, ó ń kan gbàn-gàn gbàn-gàn bí ẹni ń fi òòlù lu ìkòkò irin. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Múrí dúró láàárín agbo ilé, ó sọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé fi gbọ́. "Èmi ni mò ń yí ẹ́ńjìnnì yìí láti oṣù mẹ́rin. Ṣé ẹ gbọ́ ọ kó wúkọ́ rí? Láti ọjọ́ tí ọwọ́ opó ti kàn án ni. Irin ni. Irin kò fẹ́ ọwọ́ obìnrin, ká má tíì sọ ti obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú." Ó ra àgádágodo tuntun, ó fi ti ilé ẹ̀rọ. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Múrí, tí ìyá mi ti wà nílé ọkọ ní ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó gbé e wọlé, ń gbá ojúde lọ́jọ́ náà, ó sì sọ ọ́ sí afẹ́fẹ́ pé, "Àwọn kan sin ọkọ tán, wọ́n tún fẹ́ sin ẹ́ńjìnnì." Ìyá mi ń to igi. Wọ́n tò ó tán. Èmi ni mo sunkún.

Ohun tí àgádágodo náà kò lè ṣe ni kó jí ẹ́ńjìnnì. Bàbá Múrí ló ń yí i fúnra rẹ̀ báyìí, ó sì burú sí i lójoojúmọ́. Àwọn obìnrin á dúró láti ìdájí pẹ̀lú igbá àti agbọ̀n, àgbàdo tí wọ́n ti rẹ fún ògì á máa kan lójú wọn, ẹlẹ́lùbọ́ á dé láti abúlé Ìrókò kó tó mọ̀ pé lásán lòun wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹ̀rọ tó wà ní Adégbayì. Agbo ilé wá dákẹ́ lówùúrọ̀. Ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ yẹn bà mí ju ti ọjọ́ tí bàbá mi kú lọ, nítorí lọ́jọ́ yẹn, èèyàn pọ̀, ariwo sì wà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, àwọn àgbà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé. Bàbá Múrí ní òun ti rí àwọn àna òun kan ní Ìrókò tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà, pé ọkùnrin ni yóò máa yí i lọ́hùn-ún, ara rẹ̀ á sì yá. Baálé agbo ilé, àgbàlagbà tó ti fọ́jú kan, tó ń fi ojú kejì wo gbogbo wa, bi ìyá mi bóyá wọ́n ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ìyá mi kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó lọ." Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀. Baálé ní, "A ó fún un di Jímọ̀ tó ń bọ̀. Tó bá jí lọ́jọ́ náà, kó dúró. Tí kò bá jí, kó máa lọ Ìrókò." Nígbà tí a dé yàrá, ìyá mi ṣàlàyé fún mi bó ṣe rí, kò sì gùn. Kíláàsì kẹfà ni mo wà. Ilé ìwé tí ìjọba ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ parí síbẹ̀. "Tí ẹ́ńjìnnì yìí bá lọ, Àdùkẹ́," wọ́n ní, "ìwé rẹ náà lọ nìyẹn."

Ọjọ́ Àìkú ni mo rí i. Mo gbé omi dé lọ́sàn-án, tí oòrùn wà ní àtàrí, gbogbo ilé ń sinmi. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ ni dúróòmù dísù wà, lábẹ́ òrùlé. Bàbá Múrí bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó ń da bọ́tìlì kan sínú rẹ̀. Ó dà á tán, ó mú èkejì. Òórùn rẹ̀ bá mi níbi tí mo dúró sí, mo sì mọ̀ ọ́n, nítorí olùkọ́ wa ní alùpùpù. Ara kò fu ú rárá. Ó wò mí bí ẹni tó ń ṣe oore, ó ní, "Má da omi sílẹ̀." Ìyá Àgbà ni mo kọ́kọ́ sáré lọ sọ fún, àṣìṣe mi nìyẹn. Mo ní, "Ìyá Àgbà, mo rí Bàbá Múrí tí wọ́n ń da pẹtiróòlù sí dísù." Wọ́n ní, "Ta ló rán ọ kó o máa ṣọ́ ọ?" Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Wọ́n ní, "O fẹ́ sọ pé ọmọ mi ló ń ba nǹkan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́? Kúnlẹ̀ síbẹ̀. Gbé ọwọ́ rẹ sókè." Mo kúnlẹ̀ nínú oòrùn, mo kọjú sí ògiri, títí apá mi fi kú. Bàbá Múrí gba ẹ̀yìn mi kọjá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Akọ̀wé! Ṣé wàá kọ èyí náà sílẹ̀?" Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí.

Ìyá mi kò bá mi wí, wọn kò sì gbè mí. Wọ́n dúró di ìgbà tí Bàbá Múrí jáde, wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ilé ẹ̀rọ, wọ́n ti ìka bọ inú dúróòmù, wọ́n fi kan ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún mi. Wọ́n wá mú ìgò kékeré kan láti yàrá, dísù Ẹgbẹ́dá tí bàbá mi fi sílẹ̀ láti máa fi nu irin, wọ́n kán díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ òsì mi. "Fẹ́ atẹ́gùn sí i," wọ́n ní. Mo fẹ́ ẹ. "Ọwọ́ wo ló tutù?" Ọ̀tún ni, ó tutù bí ìgbà tí dókítà bá fi òwú nu apá ọmọ kó tó gún un lábẹ́rẹ́, ó sì ń gbẹ lójú mi. Ọwọ́ òsì kàn ń dán ni, kò tutù, kò gbẹ. Ìyá mi wo ọwọ́ mi méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n bu dísù inú dúróòmù náà sínú ìgò mìíràn, wọ́n fi ewé dí i lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n sọ fún Ìyá Àgbà pé àwọn ń lọ ra iyọ̀ ní Ẹgbẹ́dá, a sì gbọ̀nà.

Fítà Jóòbù, tí gáréèjì wọn wà ní Ẹgbẹ́dá, ló ń tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe nígbà ayé bàbá mi. Aládùúrà ni wọ́n, wọn kì í wọ bàtà, ẹsẹ̀ wọn sì dúdú fún gírísì débi pé ó dà bí bàtà. Inú ihò lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan la bá wọn. Wọ́n yọrí, wọ́n gba ìgò náà, wọ́n ṣí ewé ẹnu rẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì gbé e jìnnà sí imú. "Jésù! Ìyá Ráfátù, ta ló po àgbo yìí?" Èmi ni Ráfátù; Àdùkẹ́ ni oríkì tí ìyá mi ń pè mí.

"Ẹ́ńjìnnì la ń rọ ọ́ fún," ìyá mi dáhùn.

"Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni? Tó bá jẹ́ pípa lẹ fẹ́ pa á, òòlù yá jù."

Ìyá mi sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láìdárúkọ ẹni tó dà á. Ìyá mi wá bèèrè ohun tó rú wọn lójú, tó sì rú èmi náà lójú: ṣebí pẹtiróòlù yára gbiná ju dísù lọ, kí ló dé tí kò jí ẹ́ńjìnnì? Fítà Jóòbù pè mí. Wọ́n mú páńpù kẹ̀kẹ́ wá, wọ́n ní kí n fi ìka dí ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n sì ń tì í, wọ́n ń tì í, títí mo fi pariwo, tí mo yọ ìka mi. "Kí ló ṣe ọ́?" "Ó gbóná, sà!" "Ta ló dáná sí i?" Mo ní kò sẹ́ni tó dáná. "Ehn! Kò sí iná nínú ẹ́ńjìnnì ilé yín náà. Kò sí ìṣáná, kò sí nǹkan tó ń ta pàrà bíi ti ọkọ̀ kéékèèké. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fún pọ̀ títí ó fi gbóná bí ààrò, wọ́n wá fọ́n dísù sí i, dísù sì gbiná fúnra rẹ̀. Pẹtiróòlù kò mọ irú iṣẹ́ yẹn. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Iná tí wọ́n bá mú bá a, ó yára gbà á. Iná tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò ti inú ìfúnpọ̀ yọ ọ́, á lọ́ra, á lọ́ra, á sì gbá jáde lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí kò yẹ. Ìyẹn lẹ ṣe ń gbọ́ òòlù. Nínú ọyẹ́ ńkọ́, tí irin gan-an tutù? Kò lè jí. Ẹni tó ń da púpọ̀ sí i, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sùn ni."

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo kà nínú ìwé kẹ́mísìrì pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti fún ọ̀rọ̀ Fítà Jóòbù ní nọ́ńbà. Sítéènì ni wọ́n ń pè é. Dísù tí nọ́ńbà sítéènì rẹ̀ bá ga, kíá ló ń gbiná nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn. Èyí tí tirẹ̀ bá wálẹ̀, á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, á kó jọ, á wá bú lójijì. Nọ́ńbà pẹtiróòlù wà nílẹ̀ pátápátá, àwọn tó ṣe é sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọbìnrin tí mò ń kọ́ nílé ìwé lọ́dọọdún títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọdún kan tí mo kọ ọ́ tí n kò rí Bàbá Múrí níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ. Títí di òní, tí mo bá ń ra dísù fún jẹnẹrétọ̀ mi ní ilé epo kan lẹ́bàá Adégbayì, mo máa ń bi àwọn ọmọ tó ń tà á pé sítéènì rẹ̀ jẹ́ mélòó. Wọ́n á wo ara wọn. "Màmá, ṣé dísù náà ní nọ́ńbà ni?" Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ṣàlàyé fún òun, mo sì ṣàlàyé fún un lórí ìdúró títí mọ́tò mẹ́ta fi tò sẹ́yìn wa. Ó ní òun máa bi ọ̀gá òun. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà.

Fítà Jóòbù kọ́ ìyá mi bí wọn yóò ṣe tú dísù burúkú kúrò nínú táńkì kékeré ara ẹ́ńjìnnì, bí wọn yóò ṣe fi sípánà tú nọ́ọ̀tì orí páìpù díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí dísù tuntun wá ṣàn láìní ìfófòó. Ìyá mi ṣe é lára ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó kan nínú gáréèjì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ní kí Fítà má ràn wọ́n lọ́wọ́. A ra gálọ́ọ̀nù kan ní ilé epo tí bàbá mi ti máa ń rà á, a pín in sí kẹ́ẹ̀gì méjì, èmi gbé kékeré. Lójú ọ̀nà, mo ní kí a pe gbogbo ilé jọ, kí a sọ ohun tí Bàbá Múrí ṣe. Ìyá mi ní, "Tí mo bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á máa sọ títí Jímọ̀ á fi kọjá. Ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́, Àdùkẹ́." Mo bínú sí wọn. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn àgbà kò jókòó sábẹ́ máńgòrò, ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ ni wọ́n gbé àga sí. Àwọn obìnrin pọ̀ lẹ́yìn wọn, àwọn mìíràn gbé igbá wọn wá, bóyá nítorí ìrètí, bóyá kí wọ́n lè rí ohun rojọ́. Bàbá Múrí bọ́ agbádá, ó ká apá aṣọ, ó yí ẹ́ńjìnnì. Ó yí i títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Èéfín funfun ló fún un. Ó yíjú sí àwọn àgbà, ó ní, "Ẹ ti rí i. Kó máa lọ sí ibi tí ara rẹ̀ á ti balẹ̀."

Ìyá mi jáde síwájú, wọ́n kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n yí i lẹ́ẹ̀kan kó tó máa lọ."

"Opó!" Bàbá Múrí ké. "Ṣé ẹ̀yin kò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?"

Baálé gbé ojú kan náà sókè, wọ́n bi Ààfáà tó jókòó tì wọ́n pé, "Ṣé ó wà nínú kéwú yín pé opó tó ti bọ́ tákàbà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan irin?"

Ààfáà rò ó díẹ̀. "Kò sí i o. Irin ni wọ́n fi ń gé iṣu."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Baálé ní, "Dìde, ìyàwó. Yí i."

Ìyá mi kò yí i. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ọpọ́n sábẹ́ táńkì, wọ́n tú gbogbo dísù inú rẹ̀ sí i. Ariwo sọ. Bàbá Múrí ní, "Ẹ wò ó, ó ń da nǹkan tí mo fi òógùn rà nù! Ṣé ẹ ń fọ ẹ́ńjìnnì bí ẹni fọ ọmọ jòjòló ni?" Ìyá mi na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo mi, mo gbé kẹ́ẹ̀gì sí i. Wọ́n rọ ọ́, wọ́n tú nọ́ọ̀tì, dísù yọ ìfófòó jáde, ìfófòó ń dínkù, ìfófòó tán, wọ́n dì í padà. Wọ́n wá di irin mú. Èyí àkọ́kọ́, kò jí. Mo gbọ́ tí Ìyá Múrí pòṣé. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó wúkọ́ kan, ó dákẹ́. Ìyá mi dúró. Wọ́n fi gèlè nu àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n tún gbé ìka irin náà dìde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí kẹ̀kẹ́ náà, wọn kò kánjú, wọn kò bá a jà, ó ń yára, ó ń yára, títí n kò fi rí irin mọ́ àfi ìmọ́lẹ̀ tó ń yí. Wọ́n já a sílẹ̀. Tù. A ò mí. Tù. Tù. Èéfín funfun tú jáde ní ìṣù kan, ó di eérú, ó di fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà n kò rí èéfín mọ́. Tù-tù-tù-tù, òòlù kankan kò sí nínú rẹ̀, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Bàbá Múrí, tó ti wọ agbádá rẹ̀ padà, gbé ohùn sókè lórí ariwo ẹ́ńjìnnì pé, "Mo ti ń gbàdúrà lé e láti ìdájí!" Àwọn kan ní àmín.

Baálé kò sí lára wọn. Wọ́n ti ti ìka kan bọ ohun tó wà nínú ọpọ́n, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n wo Bàbá Múrí títí ó fi wo ilẹ̀. Wọ́n na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́," wọ́n ní. Ó tú u kúrò lára okùn ṣòkòtò rẹ̀. Baálé kò mú un dání rárá, ìyá mi ni wọ́n gbé e fún. Kò sí ẹni tó bi Bàbá Múrí léèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Ó dùn mí nígbà náà, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ṣùgbọ́n n kò lè parọ́ pé ohun tó gbà mí lọ́kàn nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ń wo bí àwọn obìnrin ṣe ń tò, tí wọ́n ń ti ara wọn, tí wọ́n ń pariwo orúkọ ìyá mi, mo sì ń ka igbá wọn, mo ń sọ fún ara mi pé ìwé, ìwé, ìwé.

Nígbà tí ó kan ẹni kẹrin tàbí ẹni karùn-ún, gbogbo ìlà náà yíjú síwájú. Ìyá Múrí ni. Ó ti pọn ọmọ sẹ́yìn, àgbàdo tí ó rẹ láti ọjọ́ mẹ́rin wà nínú igbá rẹ̀, ó ti kan, òórùn rẹ̀ gba ibẹ̀. Kò gbójú sókè. Gbogbo èèyàn ń retí ohun tí ìyá mi yóò sọ, èmi ni mo sì retí rẹ̀ jù lọ; mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ sí ẹnu mi bí ìyá mi bá fẹ́ yá a. "Ìyá Ráfátù," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ̀ ọ́." Ìyá mi gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ro àgbàdo náà wò, wọ́n bu omi díẹ̀ sí i, wọ́n tẹ̀ síwájú kí ó lè gbọ́ wọn nínú ariwo ẹ́ńjìnnì.

"Ṣé kó kúnná dáadáa," wọ́n ní, "nítorí ọmọ?"